Ẹ̀sùn Lórí Ère Edmontosaurus Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Sí Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ìtajà,

Alàgbà,

Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ sùn yín lórí ère Edmontosaurus, dáínósọ̀ ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ ewéko, tí mo rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín fún kíláàsì tí mo ń kọ́, àti lórí ìwé àlàyé Yorùbá tó wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára páálí náà pé ère yìí bá ẹranko gidi mu láti orí dé ìrù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹ to eyín ṣóṣóró yí i ká bíi ti ọ̀nì, títí dé iwájú tó fẹ̀ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. (Pẹ́pẹ́yẹ wo lẹ rí tó léyín?) Edmontosaurus kò ní eyín kankan níwájú ẹnu, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tirẹ̀ wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n gun orí ara wọn, tí wọ́n sì há mọ́ra pẹ́kípẹ́kí títí wọ́n fi dà bí ojú ọlọ, tó fi jẹ́ pé bí èyí tó wà lójú iṣẹ́ bá ti jẹ tán, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò yọ rọ́pò. Òun ló fi ń lọ ewéko tó yi.

Ìwé àlàyé yín sọ pé inú adágún ló ń gbé, àti pé awọ tó so ìka ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ló fi ń wẹ odò. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ọdún 1908, Charles Sternberg, ẹni tó ń wá egungun dáínósọ̀ kiri, àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí òkú ọ̀kan tó ti di òkúta ní Wyoming, ní Amẹ́ríkà, tí àmì awọ ara rẹ̀ àti ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bò ó ṣì hàn kedere lára òkúta, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà sì rò pé ọwọ́ ìwẹdò ni ọwọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti pa èrò náà tì tipẹ́: tìmùtìmù ẹran tó fi ń tẹlẹ̀ ni.

Ẹ tún gbé e jókòó sórí ìrù bíi kangaróò, bẹ́ẹ̀ ìrù rẹ̀ kì í kanlẹ̀, nítorí àwọn iṣan tó ti di egungun ló mú un le gbọingbọin. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló máa fi ń rìn, ó sì lè fi méjì sáré. Ti ogbe ẹran bíi ti àkùkọ tí wọ́n kéde ní 2013 pé ó wà lórí ọ̀kan tí wọ́n rí ní Kánádà, tí ère yín kò ní, mo gbójú fò ó.

Nígbà tí mo pè yín, òṣìṣẹ́ yín ní ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Kí ló wá dé tí ẹ fi gba owó ohun èlò ìkọ́ni lọ́wọ́ mi?

Mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú owó tí mo fi gbé e wálé, kí ẹ sì dáwọ́ títa ìwé àlàyé náà dúró títí ẹ ó fi tún un kọ. Rìsíìtì àti fọ́tò mẹ́ta wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín