Ọpọlọ ni, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí àwọn ìyá máa na ọmọ tó bá ń tọ̀ọ́lé, kí wọ́n má sì fún un lómi mu láti ìrọ̀lẹ́. Mi ò bá a jà. Àmọ́ mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dórí ẹní.

Ọmọ ọdún 11 ni mí kí n tó jáwọ́. Ní agboolé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n gbé ẹní tútù rù mí, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tí ìyẹn ò ràn án, ìyá àgbà so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ mi nídìí, wọ́n ní tó bá ké lóru, màá jí. Ọ̀pọ̀lọ́ ké. Gbogbo ilé jí. Èmi nìkan ni ò jí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, iṣan á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Lójú ọ̀sán, ọpọlọ á ní kọ́mọ mú un mọ́ra títí á fi dé ẹ̀yìnkùlé. Lóru, ó yẹ kí iṣẹ́ tí wọ́n rán yẹn jí ọmọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ mìíràn kò tíì dàgbà tó láti gbọ́ ọ lójú oorun. Ọpọlọ yìí kan náà ló ń tú họ́mónù tí wọ́n ń pè ní vasopressin sínú ẹ̀jẹ̀, kí kíndìnrín lè dín ìtọ̀ kù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí èyí tó ń tú lóru kò bá tíì tó, ìtọ̀ á pọ̀ bíi tọ̀sán. Pàṣán wo ló fẹ́ kọ́ ẹni tó ń sùn lẹ́kọ̀ọ́?

Nínú 100 ọmọ ọdún 5, bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ọ́lé. Lọ́dọọdún, bíi 15 nínú 100 àwọn tó ń ṣe é máa ń jáwọ́ fúnra wọn. (Ìdí nìyẹn tí gbogbo àgbo fi ń “ṣiṣẹ́”: ẹni tó bá se tiẹ̀ lọ́dún tí ọpọlọ gbó ló ń gba ọpẹ́.)

Ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Bí òbí kan bá tọ̀ọ́lé rí, bíi 44 nínú 100 ọmọ irú wọn ló máa ṣe é. Bó bá jẹ́ bàbá àti ìyá, ó lé ní 70. Mi ò sọ tèmi fún ìyàwó mi fún ọdún 14. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 ń fi aṣọ tútù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ti ń wá wòlíì kiri. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ti ọmọ náà, mo ní èmi náà ṣe é. “Dádì, ẹ̀yin?” Ó rẹ́rìn-ín títí. Ilẹ̀ mọ́, ibùsùn ṣì tutù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ náà wá.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló máa ń tọ̀ọ́lé pẹ́, torí kíndìnrín wọn kì í lè dá omi padà sára dáadáa. Ẹni tó bá fi omi du irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pe ìrora wá bá a. Ọmọ tó ti jáwọ́ fún oṣù 6 tó tún wá bẹ̀rẹ̀, tó ń mu omi ṣáá tó sì ń rù, tàbí tó ń sunkún bó bá ń tọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀, àwọn ọmọ ọdún 10 àti 11 á wọ bọ́dìn. Fọ́ọ̀mù máa ń béèrè ikọ́ fée àti jẹnotáìpù. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ìlà kan kún un fún títọ̀ọ́lé, tí mẹ́tírọ̀nù nìkan á rí. Kí wọ́n fún ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ àti rọ́bà tí á bo fóòmù, kí wọ́n sì fòfin de sísá fóòmù ọmọ síwájú asẹ́ńbílì. Wọ́n sá tèmi bẹ́ẹ̀ ní JSS1. Mo ṣì rántí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára rẹ̀: 47.

Èmi ni,
Atọ̀ọ́lé àná,
Ìjẹ̀bú-Òde.