Kí ìbẹ̀rù má dí ọ̀nà ìtọ́jú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ìbátan wọn máa ń ṣàdédé yí ohùn padà, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn, tí ó sì ń sọ pé ẹ̀mí àìrí kan ló ń darí òun. Àwọn oníṣègùn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ní orúkọ àti àlàyé tirẹ̀ nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀dà kọkànlá, tí lílò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ìwé náà yọ èyí tí ó jẹ́ ara ìsìn tí àwùjọ tẹ́wọ́ gbà sílẹ̀. Èyí tí ó ń dé láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́, tí ó sì ń ba ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n kà sí àìsàn.

Síbẹ̀, wárápá, àrùn inú ọpọlọ tàbí oògùn olóró lè fara hàn lọ́nà kan náà, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ara fi ṣe pàtàkì. Kí ẹbí kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹni tí ń gbàdúrà lè lo oògùn (n kò rí ìjà láàárín méjèèjì), ṣùgbọ́n dídè, nínà àti fífi ebi pa aláìsàn kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Bí ó bá sì ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín