Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Bóòtì Tuntun Tí Ẹ Fi Sínú Ìbọn Wa Kò Bá Ilé Ọta Rẹ̀ Mu

Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe Ìbọn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ráífù .243 Winchester tí ẹ pààrọ̀ bóòtì rẹ̀, irin tó ń ti ẹ̀yìn ilé ọta pa, fún wa la fẹ́ bá yín sọ. Ìwé tí ẹ fi tẹ̀lé e wí pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pé. Kò pé. Àyè tó wà láàrin ojú bóòtì àti èjìká ilé ọta, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ń pè ní headspace, ti ju ohun tó yẹ kí iṣẹ́ tuntun ní lọ. Nígbà tí a béèrè iye tí ẹ wọ̀n, èsì òṣìṣẹ́ yín ni pé wọ́n yìn ín, ó sì dún. Kí ló kan dídún nínú ìwọ̀n? Ìbọn tí àyè rẹ̀ ti fẹ̀ jù á ṣì máa dún dáadáa, á tún máa ba ibi tí a nà án sí, títí di ọjọ́ tí ìkarahun ọta á fi já sínú rẹ̀.

Bí a ṣe wọ̀n ọ́n rèé. A rí i dájú pé ọta kankan kò sí nínú ìbọn tàbí nítòsí. A tú abẹ́rẹ́ àti sipiríìn rẹ̀ kúrò nínú bóòtì, a yọ ìkọ́ tó ń fa ìkarahun, a sì yọ pín-ìn-nì kékeré tó ń ta á síta. Pín-ìn-nì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yọ. Sipiríìn rẹ̀ á máa ti géèjì, irin ìwọ̀n tí a ń fi sínú ilé ọta bí ọta, síwájú, ọwọ́ á sì gbà pé bóòtì ti kan nǹkan nígbà tí kò tíì kan án. A fọ ilé ọta títí aṣọ fi jáde ní funfun, a nu gbogbo òróró ojú bóòtì. Láti ìgbà náà lọ, ìka kan la fi ń rọra ti ọwọ́ bóòtì. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ lórí géèjì irin líle ń ba ilé ọta jẹ́ ni.

Géèjì Go, tó jẹ́ 1.630 íǹṣì (mílímítà 41.40), wọlé, ọwọ́ bóòtì sì wálẹ̀ tán. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Géèjì No-Go jẹ́ 1.634 íǹṣì (mílímítà 41.50), bóòtì kò sì gbọdọ̀ tì lórí rẹ̀. Tiyín tì, ó tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Orí Field, géèjì kẹta tó gùn jù, 1.638 íǹṣì, ló ti dúró. A wá lẹ téèpù tínrín mọ́ ìdí Go, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.05: bóòtì tì lórí ìpele mẹ́ta, ó kọ̀ lórí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé àyè náà wà láàrin mílímítà 41.55 sí 41.60. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní géèjì rẹ̀ o, torí èyí tí ẹ fi ń wọn .308 Winchester náà ni .243 ń lò.

Ẹ kọ́kọ́ dá wa lóhùn pé ìdọ̀tí ló fà á. Ìdọ̀tí èjìká ilé ọta a máa dín àyè kù ni, kì í fi kún un. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, No-Go ni ì bá kọ̀. Ẹ tún ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti tì lórí Field, kò séwu. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, bó bá ṣe ìbọn àtijọ́ tó ti jẹ ni. Ẹni tó ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè máa lò ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó rẹ̀, No-Go ni òpin rẹ̀, torí ìbọn kì í dín, fífẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lò ó.

Fífẹ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ tán nínú tiyín. A fi yíǹkì máákà kun ẹ̀yìn etí bóòtì méjèèjì, àwọn tó ń há a mọ́ inú ìbọn, a fi Go tó ní téèpù sí i kó lè ti bóòtì sẹ́yìn, a ṣí i, a tì í. Yíǹkì etí ọ̀tún ló họ. Ti òsì wà níbẹ̀ bí a ṣe kùn ún. Etí kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo ẹrù, bẹ́ẹ̀ agbára tí SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, fi ṣe òpin fún ọta .243 tó 60,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Etí tó ń dá gbé e á tẹ̀ sẹ́yìn títí èkejì á fi kan irin. Ìgbà yẹn, Field náà lè wọlé.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Abẹ́rẹ́ á ti ọta síwájú. Ẹ̀tù á gbiná, ara ìkarahun tó fẹ́lẹ́ á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ìdí rẹ̀ tó nípọn á sì sún sẹ́yìn lọ bá ojú bóòtì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, lókè ìdí díẹ̀, ni irin ti ń nà. Òrùka dídán á hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó tẹ orí wáyà tínrín, kó fi họ inú ìkarahun tí a ti yìn: bí wáyà bá kọ́ ihò, ìkarahun náà ti fẹ́ já. Bó bá já, èéfín gbígbóná á gba ara bóòtì wá sójú ọdẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bóòtì mìíràn nìkan ránṣẹ́. Bóòtì kì í ṣe táyà tí a kàn ń yọ tí a ń fi òmíràn dípò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńdípépà pa etí ọ̀tún kó lè bá òsì dọ́gba, kó wá dá ìbọn padà bẹ́ẹ̀, torí gbogbo irin tó bá họ níbẹ̀ ń fi kún àyè náà ni. Etí méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tú ọ̀pá ìbọn, kí ẹ gé èjìká ọ̀pá náà, kì í ṣe ti ilé ọta, sẹ́yìn, kí ẹ sì tún ilé ọta gbẹ́ títí Go á fi wọlé tí No-Go á sì kọ̀. Bí èyí bá ju agbára ṣọ́ọ̀bù yín lọ, ẹ dá owó wa padà.

Ẹ̀yin ni kí ẹ ru owó àlọ àti àbọ̀ ìbọn náà láti Èkìtì, pẹ̀lú ti ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀. Bí ẹ bá ń dá a padà, kí orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà bóòtì, àti ohun tí géèjì kọ̀ọ̀kan ṣe wà nínú ìwé. A ò ní gba ìwé tó kàn sọ pé “ó pé” mọ́.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa ọdẹ oníwèé-àṣẹ àti alágbẹ̀dẹ ìbọn,
Adó-Èkìtì.