Ẹ Kọ Gíga Ọkọ̀ Síwájú Dẹ́rẹ́bà

Ọ̀gá Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Wẹ́dà ni mí ní Ìsọ̀kún, ní Iléṣà níbí, ọdún kẹrìndínlógójì sì nìyí tí mo ti ń kan bọ́dì ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọlu afárá ojú irin, nítorí pé dẹ́rẹ́bà kò mọ gíga rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Ó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2019, n kò sì fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíì.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan ará Iléṣà nínú ọ̀rọ̀ afárá ojú irin. Lóòótọ́, ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Òṣogbo ni àwọn bàbá wa ti ń wọ rélùwéè nígbà tí wọ́n bá ń kó aṣọ lọ tà ní Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti Èkó ni kòkó wa, obì wa àti pákó wa ń lọ, abẹ́ afárá ojú irin sì ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó wọn ń gbà kọjá. Òmíràn nínú àwọn ọkọ̀ náà, èmi ni mo kan bọ́dì wọn.

Lọ́dún 2019 tí mo wí yìí, dẹ́rẹ́bà kan gbé Mercedes 911 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Pákó ló ń kó lọ sí Èkó, ó wá rí oníbàárà kan tí yóò máa fún un ní fóòmù kó bọ̀. Fóòmù kò wúwo, àyè ló ń gbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbé e sókè sí i, kí n lè rí nǹkan mú bọ̀ níbẹ̀." Mo fi irin áńgù gbé ẹ̀gbẹ́ bọ́dì náà sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo sì fi irin dábùú rẹ̀ lókè kí ó má baà máa mì. Iṣẹ́ náà dára. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. N kò fi tépù wọn ọkọ̀ náà láti ilẹ̀ dé òkè, òun náà kò sì béèrè. Mo mọ iye irin tí mo fi kún un, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí òkè ọkọ̀ náà dé.

Ó kó pákó lọ, ó gba abẹ́ afárá ojú irin kan kọjá, kò fara kan nǹkan kan. Nígbà tó ń kó fóòmù bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní ibi tí òun gbà kọjá lánàá náà ni. Irin tí mo fi dábùú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọlu afárá. Ó já, ó sì ṣubú lu ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ sí àárín fóòmù lókè. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ òsì kò nà tán títí di òní.

Mo bá dẹ́rẹ́bà náà lọ gbé ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mú tépù dání. Ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, a so tépù mọ́ ọ̀pá, a wọn abẹ́ afárá náà: ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 5. Ọkọ̀ náà, pẹ̀lú fóòmù, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 7. Báwo ló ṣe wá kọjá nígbà tó ń lọ? Pákó wúwo, ó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ tó bí íǹṣì mẹ́ta. Íǹṣì kan péré ló fi bọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ tí ẹrù inú rẹ̀ fúyẹ́, tàbí tí kò lẹ́rù rárá, ló ń ga jù.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó dùn mí. Àmì tó wà lára afárá náà kọ ọ́ pé mítà 4.2 ni. Ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 9. Bí dẹ́rẹ́bà náà bá tilẹ̀ mọ gíga ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ka àmì náà, yóò rò pé òun á kọjá ni. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n dà lé ọ̀dà àtijọ́ lójú títì, ilẹ̀ sì ga sókè. Kò sẹ́ni tó padà wá wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó pa nọ́ńbà náà dà.

Nọ́ńbà méjì ló yẹ kó jẹ́ òótọ́: ti afárá àti ti ọkọ̀. Ọwọ́ ìjọba ni ti afárá wà. Ti ọkọ̀ wà lọ́wọ́ àwa tí à ń kàn án, àwọn tó ń dì í àti ẹni tó ń wà á. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Dẹ́rẹ́bà kò lójú lórí ọkọ̀ rẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, kò lè rí òkè ẹrù tó gbé sẹ́yìn. Àfi kí ẹnì kan bá a kọ ọ́ síwájú rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin fi fídíò afárá ojú irin kan hàn mí lórí fóònù, ní ìlú Durham, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8 ni gíga rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ti wà níbẹ̀ láti 2008, àwọn ọkọ̀ tí ó sì ti rí tí òrùlé wọn ká jọ bí ẹní lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ síbẹ̀ tó ń dá ọkọ̀ gíga mọ̀, tó ń tan iná pupa sí i, tó sì ń kọ ọ́ lójú pátákó pé kí ó yà. Ní oṣù kẹwàá 2019, wọ́n gbé afárá náà fúnra rẹ̀ sókè ní íǹṣì 8. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń kọlù ú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ tí èèyàn yá láti fi kó ẹrù ilé. Mọ́tò kékeré tí onítọ̀hún ń wà lójoojúmọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà lórí rẹ̀, àmì kò sì lè bá a sọ̀rọ̀. Irin ńlá kan wà tí wọ́n rì síwájú afárá náà. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Afárá ló ń dáàbò bò, kí ojú irin má baà yẹ̀ lábẹ́ rélùwéè.

Ìyẹn náà kàn wá báyìí. Láti oṣù kẹfà 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn, èèyàn ló ń jókòó lọ lókè yẹn. Ojú irin àtijọ́ tilẹ̀ ti dé Ìbàdàn láti 1901, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì rí kọ̀ntéénà lójú. Kọ̀ntéénà yìí gan-an tún wá jẹ́ oríṣi méjì: ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6, èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 6. Bí wọ́n bá wà lójú títì, ojú kò lè tètè dá wọn mọ̀. Ẹ gbé wọn lé tírélà tí pẹpẹ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ọ̀kan á di 13 àti ààbọ̀, èkejì 14 àti ààbọ̀. Dẹ́rẹ́bà kan náà lè gbé èyí lónìí, kó gbé tọ̀hún lọ́la.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni pé ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ga ju mítà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní gíga rẹ̀ ní kíkọ síwájú awakọ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i. Èyí kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná ìjọba. Ọ̀dà funfun ló gbà.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé mo wọ̀n ọ́n ní òfìfo, mo sì kọ ọ́ sókè gíláàsì iwájú, níwájú sítíárì, ní ẹsẹ̀ bàtà àti ní mítà. N kò gba owó rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́. Ọ̀kan sọ fún mi pé wọ́n á máa fi nọ́ńbà náà dá òun dúró lójú ọ̀nà. Mo mú un lọ rí ọmọ tí irin mi ṣe léṣe, ó gbà kí n kọ ọ́.

Ẹ̀yin wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ mi ní Iléṣà, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣe é. Mo sì ń bẹ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kí wọ́n sọ ọ́ di dandan, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ kúrò lórí ẹrù. Bákan náà ni mo ń bẹ àwọn tó ń tún títì ṣe: bí ẹ bá da ọ̀dà sábẹ́ afárá tán, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó kó irinṣẹ́ lọ.

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ awakọ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká ri òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gàráàjì, ká na okùn sáàárín wọn, ká so agolo mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá lu agolo, kí ó dúró kí á wọ̀n ọ́n. Èmi ni yóò jó o, n kò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti ra òpó méjèèjì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ṣáà ti fi ibi tí a ó rì wọ́n sí hàn mí.

Èmi ni tiyín,
Wẹ́dà kan ní Ìsọ̀kún, Iléṣà