Ptolus tuntun, ìlú àtijọ́ náà ni

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a máa ń jókòó yí tábìlì ká, tá a ń ju dáìsì, tá a ń ṣe bí oṣó àti jagunjagun, a mọ Ptolus, ìlú inú àròsọ tí Monte Cook gbé jáde lọ́dún 2006, ìwé olójú ewé 672, ó wúwo bí ọlọ ata. Wọ́n ti wá tún un ṣe, ọ̀kan fún òfin ẹ̀dà karùn-ún eré Dungeons & Dragons (D&D 5E), ọ̀kan fún Cypher System, ìyẹn òfin eré mìíràn, ni gbogbo èèyàn bá ń pariwo pé ìlú tuntun dé. Tuntun bíi ti báwo? Mo tẹ́ ti àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀, mo ṣí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Delver's Square, gbàgede kan nínú ìlú náà, ilé ọtí Ghostly Minstrel ṣì wà níbẹ̀, Spire, òkè ṣóṣóró ìlú náà, ṣì ga fíofío, ihò abẹ́ ìlú náà ò lọ síbì kankan. Òfin ìjà ló yí padà jù. Inú mi dùn sí i o, àmọ́ ká sòótọ́, èmi ti rò pé wọ́n á jẹ́ kí ọdún díẹ̀ gorí ọdún nínú ìlú yẹn, kí ìjòyè kan kú, kí ọjà kan jó. Tó o bá ní ti 2006 nílé, tó o sì mọ òfin D&D 3.5 tí wọ́n fi ṣe é nígbà náà, má wulẹ̀ náwó.

Èmi ni, òǹkàwé yín n'Íbàdàn.