Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wáyà pe wáyà, ká yé fi àwọ̀ rẹ̀ pè é

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá wọ́n wa lójú níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Wáyà ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àgàgà wáyà rédíò tuntun tí a ń fi sínú ọkọ̀ tókúnbọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa, ìyẹn "pupa", tó ti kó mi sí wàhálà, tí mo sì gbà pé ó ń kó ọ̀pọ̀ onímọ́tò sí i láìjẹ́ pé wọ́n fura.

Golf àtijọ́ kan ni mò ń wà. Nígbà tí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó bá a wá láti òkè òkun yadi, mo ra òmíràn tó ń gba fláàṣì, nítorí pé mo ní orin ẹ̀fẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ ní Kétu fúnra mi, mo sì fẹ́ máa gbọ́ ọ bí mo bá ti kọjá Sakété tí mo dorí kọ Pobè. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ oníná ọkọ̀ kan. Ọ̀gá náà ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹlòmíràn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè tó fi sọ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé: "So dúdú mọ́ dúdú, so pupa mọ́ pupa. Tó bá ti fọhùn, ó ti parí." Ọmọ náà ṣe bí wọ́n ti wí. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tí rédíò fi fọhùn, mo san owó, mo sì lọ. Kí n má parọ́, 6,000 sẹ́fà ni wọ́n bù fún mi, èmi ni mo ná an wálẹ̀ sí 4,000, èmi náà ni mo tún ń ṣe wọ́n ní kíá-kíá.

Kò pẹ́ sí i tí òkú àgbà kan fi gbé wa lọ sí Kétu. Mo gbé ọkọ̀ sí ìdí ògiri agbo ilé wa fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dákẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ilé ní láti tì í dé ojú títì kó tó jí, ìyá mi àgbà kan sì bi mí bóyá ọkọ̀ mi náà ń ṣọ̀fọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn tí mo ti fún bátìrì ní iná tó yó, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Oníná mìíràn, nítòsí ọjà Ouando, ló tú u wò. Ó fa rédíò náà yọ díẹ̀díẹ̀, ó sì pè mí pé kí n wá fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọkọ̀ náà bá wá dànù. Àwọn wáyà kò ní òjé lára, ńṣe ni wọ́n lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni lọ́ òwú fìtílà, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, ó ti ń tú fúnra rẹ̀, bàbà inú wáyà sì ti yọjú síta ní ọ̀nà méjì. Wáyà pupa rédíò àti èyí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àwọn méjèèjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ wáyà pupa kan ṣoṣo lára ọkọ̀. Ṣé ọmọ náà kò kúkú ṣìṣe? Pupa ni wọ́n ní kó so mọ́ pupa, èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà sì ni ó fi gbọ́ ọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù wà nínú àpótí fíùsì: wọ́n ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíùsì rédíò tó ti jó.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé funfun, dúdú àti pupa ni òpó mẹ́ta tí àwọ̀ dúró lé nínú èdè wa. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, ìyeyè tó pọ́n pupa, ilẹ̀ Àjàṣẹ́ pupa, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí awọ ara rẹ̀ mọ́ náà pupa. Aró tó bá kúná dáadáa, dúdú ni àwọn àgbà ń pè é. Kò sí ohun tó burú nínú èyí bí a bá ń ra aṣọ, nítorí a óò na ìka sí èyí tí a fẹ́. Lẹ́yìn rédíò ọkọ̀, bí ọ̀gá bá jìnnà tó sì ń fi ẹnu lásán júwe, ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Nínú wáyà tó ń jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rédíò tí à ń rà lọ́jà, ti àwọ̀ ìyeyè ni iná gbọ́dọ̀ máa wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí rédíò má bàa gbàgbé aago àti ibùdó tí a yàn fún un. Pupa ni iná kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀ àfi bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Búlúù kò sì gba iná wọlé rárá, òun ló ń gbé e jáde láti gbé áńténà dìde tàbí láti jí ámpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò lágbára. Ẹni tó bá pe búlúù ní dúdú, tó sì dè é mọ́ irin ọkọ̀, ó lè jó ẹnu iná yẹn pátápátá.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti mọ rúùjì (pupa) yàtọ̀ sí jọ́ọ̀nù (àwọ̀ ìyeyè) lédè Faransé, pé ẹni tó bá lọ iléèwé díẹ̀ kò lè ṣi àwọ̀ mú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Faransé kò lè gba ọkọ̀ mi là. Nínú ọkọ̀ Jámánì bíi ti èmi, wáyà pupa ni iná kì í kúrò nínú rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ (bíráùn) ló sì ń lọ sí irin ọkọ̀. Ẹni tó bá so rúùjì rédíò mọ́ rúùjì ọkọ̀ láìṣi ẹyọ kan mú, bátìrì mi ni yóò ṣì pa. Ti ọ̀pọ̀ Toyota tún yani lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ: dúdú àti jọ́ọ̀nù ni wáyà sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì, pupa àti funfun ni ti apá ọ̀tún. Ẹni tó bá so àwọ̀ mọ́ àwọ̀ níbẹ̀ kò tí ì kan ẹnu iná rárá, inú sípíkà ló ń wá iná sí. Ẹni tó ṣe rédíò kò bá ẹni tó ṣe ọkọ̀ ṣe ìpàdé lórí àwọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa fi iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe pè é. Èyí tí iná kì í kúrò nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní wáyà àìsùn, nítorí òun ló ń ṣọ́ ilé nígbà tí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Èyí tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́, kó máa jẹ́ wáyà kọ́kọ́rọ́. Èyí tó ń jí ámpílífáyà, wáyà ìpè. Èyí tó lọ sí irin ọkọ̀ ti ní orúkọ lẹ́nu àwọn oníná wa tẹ́lẹ̀, màásì ni wọ́n ń pè é, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá mi àkọ́kọ́ bá ti wí fún ọmọ náà pé "so àìsùn mọ́ àìsùn, so kọ́kọ́rọ́ mọ́ kọ́kọ́rọ́", ọmọ náà ì bá kọ́kọ́ bi í pé èwo ni àìsùn nínú ọkọ̀ yìí, ìbéèrè yẹn gan-an ni mo sì ń wá.

Mítà tí a fi ń wọn iná ló ń dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ojú. Oníná Ouando yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, ó fi ẹnu mítà kan kan irin ọkọ̀, ó fi ìkejì kan àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbé fóòtì 12.6 wá lójú oorun, àìsùn nìyẹn. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Èyí tó jí nígbà náà ni ti kọ́kọ́rọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó wá fi òjé lẹ̀ wọ́n, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń súnkì bọ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó fi iná rà á títí ó fi di wáyà náà mú gírígírí. Ó fi kún un pé bí wọn kò bá ti gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀rọ̀ kò ní dé ibi òjé rárá, nítorí okùn ìsopọ̀ wà lọ́jà tí ẹnu rẹ̀ kan wọ ọkọ̀ tí ìkejì wọ rédíò. Nínú àwọn Golf kan, ipò àìsùn àti ti kọ́kọ́rọ́ yí padà sí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, tí rédíò yóò fi máa gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ ní gbàrà tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń ṣe okùn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ojú ìsopọ̀ sí wáyà méjèèjì kí a lè pààrọ̀ wọn láìlo ọ̀bẹ.

Mo ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bátìrì mi. Ohun tó bá ń fa ìdajì áńpéà nínú bátìrì 60, ìyẹn èyí tó lè gbé áńpéà kan fún wákàtí 60, yóò gbẹ ẹ́ ní wákàtí 120, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, tó sinmi, kò yẹ kó fa ju nǹkan bíi mílíáńpéà 50 (ìdá kan nínú ogún áńpéà) lọ. Rédíò tó bá gbà pé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níhò kì í sùn bọ̀rọ̀.

Ti fíùsì kò gba àwàdà. Nọ́ńbà 10 tàbí 15 (iye áńpéà tó lè gbà kó tó jó) ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rédíò, nọ́ńbà kan náà ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Bébà sìgá kò ní jó nígbà tó yẹ kó jó, wáyà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, láàárín rọ́bà àti fóòmù, ni yóò kọ́kọ́ gbiná. Ẹni tó bá sì fa wáyà ámpílífáyà tààrà láti orí bátìrì, fíùsì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn oníná ọkọ̀ ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Abẹ́òkúta lè kọ orúkọ tí wọ́n ń pe wáyà wọ̀nyí ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ní èyí tó dùn ju "àìsùn" tèmi lọ, n óò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wáyà sípíkà mẹ́jọ tún wà nílẹ̀ tí n kò tí ì rí orúkọ fún. Funfun, eérú, ewé àti elésè àlùkò ni àwọ̀ wọn lẹ́yìn rédíò, èyí tó ní ìlà dúdú nínú méjì-méjì sì ni odì (nẹ́gátíìfù). Mo mọ̀ pé kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kan irin ọkọ̀ nínú wọn, mo sì mọ̀ pé bí a bá dojú ọ̀kan bolẹ̀, ìlù ńlá inú orin ẹ̀fẹ̀ a rù hangogo.

Kí oníná Ouando tó ti rédíò padà sí ihò rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀. Mo gé bébà pélébé mẹ́ta, mo fi bírò kọ "àìsùn", "kọ́kọ́rọ́" àti "màásì" sí wọn lára, ó sì fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ wáyà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Àjàṣẹ́