Ọ̀rọ̀ owó páànù Ìyá

Accra, oṣù Keje

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá. Ara mi le. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù dùn mí, ìdí nìyí tí mo fi kọ èsì sílẹ̀, kí ẹ lè kà á sétí Ìyá. Mo ti sọ fún yín pé omíyalé ló ba ọjà mi jẹ́, tí owó páànù òrùlé Ìyá fi pẹ́; ẹ ní ẹni tó ti ibí dé sọ pé òjò Accra kò tó nǹkan, pé kò lè sí omíyalé. Ṣé òun ló ń bá mi ṣọ́ ìsọ̀ ni?

Òótọ́ ni pé òjò ibí kéré. Bíi mìlímítà 800 lọ́dún, bí ìdajì ti Èkó. Atẹ́gùn òkun kì í kọjú sí orí ilẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ etíkun ló ń bá lọ. Tó bá sì di oṣù Keje, omi òkun á tutù, òjò á dá. Pápá ló yí ìlú ká, kì í ṣe igbó. Ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjò náà ń rọ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn òkè Akuapem wà lókè wa; omi wọn ń ya wọ odò Odaw, Odaw ń gba Circle, oríta ńlá inú ìlú, lọ sí ọ̀sà Korle kó tó dé òkun. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pàǹtí sì ti dí ọ̀nà omi. Níbo ni kó gbà? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015? Àwọn tó sá fún òjò sí ilé epo ní Circle, iná ló bá wọn níbẹ̀. Àwọn tó kú nínú omi àti iná lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 150. Ìsọ̀ mi kò jìnnà síbẹ̀, Bùọ̀dá.

Òru lomi wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ṣúgà yọ́ tán, fúláwà di lẹ́ẹ̀. Àwọn tó kó ọjà fún mi láwìn ni mo kọ́kọ́ san fún, torí bí wọn ò bá kó ọjà fún mi mọ́, níbo lowó páànù yóò ti jáde? N kò jẹ owó Ìyá. N kò gbàgbé wọn.

Ṣé wọ́n ti kúrò ní yàrá tó ń jò? Mo béèrè, ẹ kò dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn ní pálọ̀. Ìdajì owó ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí. Ẹ fi ra páànù, ẹ kó o sílé. Tí òjò bá dáwọ́ díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, kí káfíńtà ti orí yàrá Ìyá bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Àbúrò yín,
Gbádébọ̀